Àwọn Nọ́ńbà Tí N Kò Kà

Festac, Èkó.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò.

Ìbùkún, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ láti orí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí o mọ̀ pé mo máa ń jókòó sí. Ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbi tí dókítà fẹ́ kó wà. Mò ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀, mò ń wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, o kúkú mọ̀ mí. Bí o bá ti ń ka èyí, á jẹ́ pé o ti tú báàgì gàrí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ láti páàkì Mazamaza. Jọ̀wọ́, má rẹ gàrí kankan sómi kí o tó kà á tán. Mo mọ̀ ọ́, bí o bá ti yó, oorun ló kàn.

N kò kọ lẹ́tà sí ọ rí, àfi ìwé pélébé tí mo máa ń fi sínú àpò rẹ nígbà tí o wà ní ilé ìwé pé kí o má gbàgbé omi rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo dán an wò ní Sọ́ńdè tó kọjá, ẹnu mi kò gbà á.

Sọ́ńdè yẹn náà ló bí lẹ́tà yìí. O pè mí lẹ́yìn ìsìn, o ń fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ ní Kàdúná fún mi. O ní wọ́n ti fún ọ ní tábìlì tìrẹ. O ní rédà ni ẹ ó kọ́kọ́ máa dán wò, kí ẹ tó bọ́ sórí àwọn ẹ̀rọ ogun tí ń gbọ́ ìgbà tí rédà ọ̀tá bá ń wò wọ́n, àti àwọn tí ń fi ariwo dí rédà ọ̀tá létí. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró, bí ẹni pé o lè rí mi. Ìgbà náà ni o wá sọ, bí ẹni sọ ohun tí kò tó nǹkan, pé ọ̀gá rẹ ní kí o má fi àkókò ṣòfò lórí wáyà tí ẹ fi ń so ẹ̀rọ mọ́ mítà, kí o kàn máa lo nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n lọ́dún tó kọjá, torí wáyà kì í yí padà. O ní o ti ń lò ó bẹ́ẹ̀, o sì ti ń buwọ́ lùwé.

Mo dákẹ́. O ní, “Dádì, ẹ ń gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí tún ti dé.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Irọ́ ni mo pa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ gaara, mò ń gbọ́ fáànù yàrá rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé n kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. O máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé tìtorí bàbá rẹ lo ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí, pé Dádì rẹ kò lè purọ́ àní láti gba ara rẹ̀ là. Mo ti gbọ́ ọ létí mi níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo bá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, o lè má lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìpè rẹ ní Sọ́ńdè sì nìkan ni ohùn tó ń wọ ilé yìí nítorí tèmi láàárín ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí Mọ́mì rẹ ti lọ, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ti kó padà sí Ìjẹ̀bú, tí Bàbá Tólú òkè sì ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, àfi kí n tan tẹlifíṣọ̀n kí ilé má baà pa kẹ́kẹ́. Ìpè yẹn ni mo fẹ́ fi wewu. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ó sàn kí n pàdánù rẹ̀ ju kí o di irú mi lọ.

Ó yá. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́, màá sì kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí apá mi bá ká a.

Èkíní. Wọn wáyà kí o tó wọn ẹ̀rọ, ní àràárọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Wáyà máa ń jẹ nínú agbára tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, bí ọmọ tí a rán lọ ra ẹ̀pà ṣe máa ń ta díẹ̀ sẹ́nu lọ́nà. Iye tó jẹ lánàá kọ́ ni yóò jẹ lónìí. Ooru ń ṣe é, ọ̀rinrin ń ṣe é, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ kó tó gbé e kọ́ sára ògiri ń ṣe é. Bí o kò bá mọ ohun tí wáyà jẹ, o kò mọ ohun tí ẹ̀rọ pèsè. Ìwọ yóò rò pé rédà ń gbọ́ràn dáadáa, tó sì jẹ́ pé agbára tí o fún un ti ju èyí tí o rò lọ. Ọ̀gá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kánjú ni. Ìkánjú kò sì ní orúkọ lórí ìwé tí o buwọ́ lù, orúkọ tìrẹ ló wà níbẹ̀.

Èkejì. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, mo so mítà tí a fi ń wọn agbára mọ́ ẹnu rédà láìfi irin kékeré tí ń dín agbára kù sáàárín. Ó jó fùú. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Ní ibi iṣẹ́ wa, àṣà kan wà tí àwọn ọ̀gá wa fi lélẹ̀: ẹni tó bá ba irinṣẹ́ jẹ́, yóò gbé e sínú àwo pẹrẹsẹ, yóò máa gbé e kiri láti tábìlì dé tábìlì, yóò sì máa sọ pé, “Èmi ni mo bà á jẹ́, báyìí ni mo ṣe bà á jẹ́.” Ẹni tó bá jókòó sí tábìlì yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò gbọ́ ọ dópin, yóò sì dáhùn pé, “A ti gbọ́.” Ó parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bú ọ mọ́ láéláé. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé tábìlì kẹjọ, ara ti ń fúyẹ́. Mo sùn fọnfọn nírọ̀lẹ́ náà.

Mo sọ èyí fún ọ kí o lè mọ̀ pé mo mọ ọ̀nà. Kì í ṣe pé wọn kò fi hàn mí.

Ẹ̀kẹta. Wọ́n á mú ọ wọ yàrá tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù dúdú ṣóńṣó-ṣóńṣó bo ògiri àti àjà rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán àwọn ẹ̀rọ aláriwo ogun wò, kí ariwo wọn má baà jáde lọ da rédà ọkọ̀ òfuurufú ẹni ẹlẹ́ni rú. Fọ́ọ̀mù yẹn ń gbé gbogbo ohun tí o bá rán jáde mì, kò ní dá nǹkan kan padà fún ọ. Wọ́n mú èmi náà wọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn mi kú sẹ́nu mi. Mo gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Mi ò rò pé màá tún rí irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé, àfi ìgbà tí a sin Mọ́mì rẹ tán tí gbogbo yín padà síbi iṣẹ́, tí mo ṣílẹ̀kùn ilé yìí tí mo ní, “Mo ti dé o.” Nítorí náà, bí wọ́n bá ti pa ìlẹ̀kùn yàrá fọ́ọ̀mù dé mọ́ ọ, ṣe iṣẹ́ rẹ kí o jáde. Má jẹ́ kó mọ́ ọ lára. Wá ìjọ tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ, wá ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Iṣẹ́ wa yìí máa ń sọ èèyàn di ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀rọ tí kì í gbọ́ ènìyàn.

Mo mọ̀ pé mò ń yí ọ̀rọ̀ po. Jẹ́ kí n wọnú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tó ń ka mítà kò gbọdọ̀ mọ nọ́ńbà tó yẹ kó rí. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ojú ara mi rí nìyí, ẹlòmíràn ló sì san owó rẹ̀.

O mọ Bọ̀dá Akínwándé díẹ̀: bàbá gíga tó máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kì í la ẹnu kọrin. Nígbà tí o wà ní kékeré, o bi mí pé kí ló dé tí bàbá yẹn kì í bá wa kọrin. Mo ní kò fẹ́ràn orin ni. Irọ́ ni ìyẹn náà. Kí wọ́n tó bí ọ, òun ni ọ̀gá bẹ́ẹ̀sì nínú kúáyà wa. Bó bá gbé ohùn sílẹ̀, fèrèsé á máa gbọ̀n. Ibi iṣẹ́ kan náà la wà, ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di wáyà mú láìtẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ wa ni láti máa dán rédà àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń ṣọ́ etíkun wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹnìkan á wà nísàlẹ̀, nínú ikùn ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, á máa rán ìgbì tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ wọ inú rédà díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì á wà lókè, á máa wo mítà, á máa ké nọ́ńbà tó bá rí sísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ á kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, á sì buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá iṣẹ́. Kò lè rí mítà. Ohùn ẹni tó wà lókè ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń bọ̀, èmi ni mo wà lókè, Bọ̀dá Akínwándé wà nísàlẹ̀. Aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni kúáyà máa ń ṣe ìgbáradì, ọmọbìnrin kan sì ti dé sáàárín àwọn sopránò láti nǹkan bí oṣù méjì, tí mo ti pinnu pé ọjọ́ yẹn gan-an ni màá bá a sọ̀rọ̀. O mọ ọmọbìnrin náà. Òun ló bí ọ. Má wá rò pé ìyẹn gbà mí sílẹ̀ o. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni kúáyà ń ṣe ìgbáradì. Bí mo bá dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, Mọ́mì rẹ á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí n kò gbọdọ̀ mú dání ni mo mú dání: ìwé ìdánwò ọdún tó ṣáájú, ó wà lórí itan mi. Mo ka nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí mítà bó ṣe yẹ. Abẹ́rẹ́ mítà náà ń gbọ̀n, kì í dúró, àfi kí n máa dúró dè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá ké láti ìsàlẹ̀ pé, “Ó tó ẹ̀lòó?” Mo wo abẹ́rẹ́, mo wo aago, mo wo orí itan mi. Mo ké nọ́ńbà ọdún tó ṣáájú sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn n kò wo mítà mọ́. Kí ó má baà jọ àdàkọ, mò ń fi díẹ̀ kún ọ̀kan, mò ń yọ díẹ̀ kúrò nínú òmíràn. Ohùn mi le dáadáa, mo tilẹ̀ ń dúró díẹ̀ láàárín nọ́ńbà kan sí òmíràn bí ẹni tó ń yẹ nǹkan wò. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bọ̀dá buwọ́ lùwé, ó ní, “O ṣeun, Délé. Rédà yìí lágbára.”

Rédà kò lágbára. Etí rẹ̀ ti ń di láti bí oṣù mélòó kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọyẹ́ bo ojú òkun, ọkọ̀ ìṣọ́ náà sì kọlu ọkọ̀ igi apẹja kan tí rédà rẹ̀ kò rí. Wọ́n yọ apẹja náà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán níbi méjì. Wọ́n ní ó ń rìn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò rìn dáadáa mọ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, n kò sì béèrè. Fi ìyẹn náà kún un.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tú rédà, wọ́n rí ẹ̀yà inú rẹ̀ kan tó ti gbó, tí wọ́n ní kò lè gbó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á jẹ́ pé ìdánwò wa ni kò tọ̀nà. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ka mítà bó ṣe wà. Mo ní mo kà á. Wọ́n bi Bọ̀dá pé ṣé ó kọ ohun tó gbọ́. Ó ní òun kọ ọ́. Wọ́n bi í pé ṣé jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo ara wọn.

Kí wọ́n tó dá ẹjọ́, Bọ̀dá pè mí sẹ́yìn ilé níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní, “Délé, ṣé lóòótọ́ lo ka mítà yẹn?”

Mo ní, “Mo kà á, sà.”

Ó mi orí. Ó ní, “Tó bá jẹ́ pé o kà á, á jẹ́ pé etí mi nìyẹn.”

Ìbùkún, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé pa mọ́ láti ìgbà náà. Ká ní ó bú mi, ká ní ó fura sí mi, ì bá sàn. Ó gbà mí gbọ́. Ó mú ẹ̀bi náà, ó gbé e sórí etí ara rẹ̀. Wọ́n mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìwọ̀n, wọ́n fi í sí sítọ̀, níbi tó ti ń ka àpótí títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó lọ rí dókítà etí lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní kò rí nǹkan kan, ó ní dókítà kò mọṣẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ní oṣù kan náà, ó dá aṣọ kúáyà padà. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ nọ́ńbà kò lè gbọ́ ohùn orin, òun kò fẹ́ máa ba orin Ọlọ́run jẹ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń ká aṣọ náà. Mọ́mì rẹ bi mí lẹ́yìn tí a ṣègbéyàwó pé kí ló ṣe ọkùnrin yẹn tó dákẹ́ báyìí. Mo ní àgbà ló ń dé. Mọ́mì rẹ kú láìmọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òwe yẹn máa ń rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbàgbé. Gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń gbọ́ àyè tí ohùn rẹ̀ ò sí nínú orin.

N kò ka ìmọ̀ràn mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, dárí jì mí. Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé.

Lẹ́yìn tí o gé fóònù ní Sọ́ńdè, mo jókòó títí oúnjẹ mi fi tutù. Mo rí i pé n kò lè sọ fún ọ pé kí o má ṣe ohun tí èmi náà ṣe, tí n kò tíì ṣàtúnṣe rẹ̀. Lánàá, ọjọ́rú, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Abúlé Adó, níbi tí Bọ̀dá Akínwándé kọ́lé sí. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó yà á lẹ́nu láti rí mi, torí a kì í ju kí á kí ara wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n jókòó, ó ké sí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dúró, pé kí wọ́n wá wo àlejò. Ìyá gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì wá lórí tíréè, wọ́n kí mi pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè mí ní kúáyà láyé ọjọ́un, wọ́n sì padà sí kíṣìnì.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀ torí Ìyá. Mo sọ fún un, ohùn mi ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà sínú lọ. Mo sọ nípa ìwé tó wà lórí itan mi. Mo sọ nípa aago. Mo sọ pé nọ́ńbà mẹ́ta péré ni mo kà, tí mo hùmọ̀ ìyókù.

Kò ní kí n tún un sọ. Kò ní kí n gbé ohùn sókè. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́, Ìbùkún. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tó sì jẹ́ pé ìkòkò kíṣìnì ń hó, tí àwọn ọmọ ń ké lójúde.

Lẹ́yìn náà ó ké sí kíṣìnì. “Ìyá Dúró, wá gbọ́. Kì í ṣe etí mi.”

Ìyá jáde, wọ́n ń nu ọwọ́ sára ìró. Bọ̀dá ní, “Délé, tún un sọ fún un.” Mo tún un sọ. Lójú Ìyá, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n kò pariwo. Wọ́n ní, “Kò kọrin níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun máa ṣi ohùn gbé.” Wọ́n gbé tíréè náà pẹ̀lú ọtí tí n kò tíì ṣí, wọ́n sì wọlé.

Bọ̀dá bi mí pé kí ló dé tí mo fi pẹ́ tó báyìí. Mo ní ẹ̀rù bà mí. Mo ní lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù iṣẹ́ ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ojú Mọ́mì rẹ ni. Nígbà tí Mọ́mì rẹ sì lọ, ẹ̀rù ojú rẹ ni. Ó ní òun gbọ́. Ó ní, “Mi ò ní ṣẹ́ èpè fún ẹ. Ṣùgbọ́n máa lọ ilé báyìí. Tí mo bá fẹ́ rí ẹ, mo máa ránṣẹ́.” Mo dọ̀bálẹ̀. Kò gbé mi dìde. Mo dìde fúnra mi, mo jáde.

Ó ṣeé ṣe kó ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó má ránṣẹ́ títí a ó fi kú. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò sọ fún ọ nítorí pé ó parí síbi tó dára. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ pé ogún ọdún náà yóò padà wá. Mo lè dá ẹ̀bi Bọ̀dá padà fún ara mi. N kò lè dá orin rẹ̀ padà fún un.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi. Bí o bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, wọn wáyà náà. Bó bá yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá, àní bó jẹ́ ìwọ̀nba bín-ín-tín, lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé gbogbo ìwé tí o ti fi orúkọ rẹ sí láti ìgbà tí o ti dé, o fẹ́ tún un wọ̀n. Bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má fi èmi ṣe àpẹẹrẹ fún un, kò kàn án. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Ìwọ kò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ yẹn sí, o kò sì mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ igi tó wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ ilé nítorí rẹ̀, máa bọ̀. Yàrá rẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, mo kàn kó ìwé mi díẹ̀ síbẹ̀, màá kó o kúrò. Iṣẹ́ á tún wá. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá ti gbé ẹ̀bi rẹ sórí ara rẹ̀ torí pé ó gbà ọ́ gbọ́, kò sí ibi tí o máa sá lọ tí o kò ní bá a níbẹ̀.

Nípa ti Sọ́ńdè. Má pè mí nítorí pé mo dá wà. Mo ti dá wà tipẹ́, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀: màá lọ sí ìsìn, màá se ìrẹsì kọ́ọ̀pù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi ṣì máa ń wọn méjì. Má fi ìpè ṣàánú mi. Bí inú bá ń bí ọ, jẹ́ kó bí ọ tó bó ṣe yẹ, nítorí tèmi náà, àti nítorí Mọ́mì rẹ tí n kò sọ fún. N kò ní ka Sọ́ńdè tí o kò pè sí ọ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kan tí o fẹ́ gbọ́ ohùn mi, tí kì í ṣe ohùn bàbá tí kò lè purọ́, torí kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé yìí, bí kò ṣe ohùn èmi tí o ti mọ̀ báyìí, jọ̀wọ́ pè. N kò ní dákẹ́ mọ́. Màá gbé e kí ó tó ró lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni,
Dádì rẹ.